Bisikíìtì Àgbọn Ìyá Mi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbí ní Savusavu, ní erékùṣù wa, bí èèyàn bá kú, ẹbí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan a mú ohun kan tí yóò yẹra fún títí di ọjọ́ tí a ó bọ́ aṣọ dúdú. Ẹlòmíì ò ní gẹ irun, ẹlòmíì ò ní fi ṣúgà sí tíì. Èmi Asenaca, lẹ́bàá sàréè ìyá mi, mo ní mi ò ní fẹnu kan bisikíìtì àgbọn, torí pé òun ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Gbogbo wọn ní mo káre. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́.

Kò pẹ́ tí àárò ìyá mi fi fẹ́ pa mí. Ni mo bá rin àgbọn, mo po fùláwà mọ́ bọ́tà, ọwọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n bí ìyá mi ti máa ń ṣe, mo tì í sínú ààrò. Nígbà tí òórùn rẹ̀ gbalé, ó dà bíi pé ìyá mi wà ní yàrá kejì. Bí mo ṣe ń yan án lójoojúmọ́ nìyẹn. Ta ni yóò jẹ gbogbo ẹ̀? Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù etí èbúté, ó sì ń tà wàràwàrà. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ti ìyá mi ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn, kí adùn ọwọ́ ẹ̀ má parẹ́ láyé.

Ṣùgbọ́n mi ò lè tọ́ ọ wò. Kelera, ọmọ tí àbúrò ìyá mi ọkùnrin bí, ló ń bá mi tọ́ ọ wò. Níbí, ẹ̀fẹ̀ ni irú ìbátan bẹ́ẹ̀ máa ń bá ara wọn ṣe, ẹnìkan kì í bínú.

"Ṣé ó jọ ti ìyá mi?"

"Jẹ́ kí n tún mú kan. Ẹnu mi ò tíì gbọ́ dáadáa."

"Ọ̀fun ẹ á ya. Mo ní ṣé ó jọ ọ́?"

"Òun gan-an ni. Kí ìyá ẹ tiẹ̀ jí wá, mi ò ní fún un nínú tèmi."

Lọ́jọ́ tí a bọ́ aṣọ dúdú, wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ọkùnrin ń mu kava, omi gbòǹgbò tí a máa ń mu níbi àpéjọ, níta. Mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo mú bisikíìtì kan. Mo jẹ ẹ́. Ó gbẹ dáadáa, ó dùn. Kì í ṣe ti ìyá mi.

Kelera ti dúró lẹ́yìn mi.

"Kì í ṣe tiẹ̀," mo wí.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti èyí àkọ́kọ́. Tí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní yan òmíì mọ́. Inú ilé yìí lo máa jókòó sí, wàá máa wo ògiri."

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lé e jáde.

"Ó yá, kí ni kò sí ńbẹ̀?" ó bi mí. "Sọ ọ́, ká fi sí i. Àgbọn ṣì wà nílẹ̀."

Mo lanu. Mo wá adùn ti ìyá mi lórí ahọ́n mi, mo wá a títí, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yìí nìkan ni mo bá níbẹ̀. Mi ò rántí mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo sì sunkún ìyá mi bí mi ò ṣe sun ún lẹ́bàá sàréè.