Àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá Yésúfù

Tí ẹ bá ti Ìbàfò ń bọ̀, tí ẹ wọ Mòwé, ẹ ó rí ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn. Stúdíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn kan rò pé wọ́n ń ya fọ́tò níbẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọmọ Yahoo ló kúnbẹ̀. Irọ́ ńlá! Ilé tí wọ́n ti ń bá èèyàn dá òwò sílẹ̀ ni. Mú èrò rẹ wá, wọ́n á fún ọ ní yàrá, iná, kọ̀ǹpútà, lọ́yà tó máa bá ọ kọ̀wé, àti ẹni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá oníbàárà. Tí òwò náà bá dúró, wọ́n á ní ìpín nínú ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: tí oṣù mẹ́fà bá pé tí o ò tíì rí ẹnì kan tó ra ọjà rẹ, kó ẹrù rẹ, kí ẹlòmíì rí yàrá lò.

Ọjọ́ Sátidé ni oṣù mẹ́fà ti Qudrah máa pé. Ọjọ́rú la wà yìí, òjò sì ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Qudrah yìí, ọmọ Bàbá Yésúfù tó ń dáko ní Ifọ̀, fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Àgbàdo nítorí èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òkìtì èèpo tí àwọn onígàárì ń dà sẹ́yìn ilé, tó ń rùn, tí wọ́n ń dáná sun, òun ló wò tó ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni. Á rin ín, á fún omi rẹ̀ dànù, á sá a sínú àpótí onígíláàsì kan tó ń lo oòrùn. Ìyáàfin Ìbíwùnmí, tó ń sin igba ewúrẹ́ lẹ́yìn Redemption Camp, ti rí díẹ̀ nínú ẹ̀, ó sì fẹ́ràn ẹ̀.

"Gbé ogún àpò wá kó tó di ọ̀sán Sátidé," ni obìnrin náà wí. "Tó bá tutù, mi ò gbà á. Tó bá pẹ́, mo ti rí ẹlòmíì."

Oòrùn wá dà? Àpótí onígíláàsì jókòó, ó ń wo òjò. Èèpo tutù rinrin lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rù ba Qudrah.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn ará ilé. Háà! Ẹ ò mọ àwọn èèyàn yẹn. Èèyàn mẹ́jọ, yàrá mẹ́jọ, kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ. Morádéyọ̀ ará Magboro kì í ṣí fèrèsé, kí ọ̀tá má baà rí ògo ẹ̀. Nọ́fíù wẹ́dà a máa ka Áyátù Kúrísíyù sẹ́nu ọ̀nà kó tó jáde lọ jẹun. Ti ṣọ́ọ̀ṣì o, ti mọ́sáláṣí o, ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí: má jẹ́ kí ayé mọ̀. Mobọ́lájí, ọ̀gá Stúdíò, ti pàrọwà títí ó sú u. "Kí ẹ lè jọ máa ṣe é ni a ṣe kó yín jọ!" Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, sà." Wọ́n á wọlé. Wọ́n á tìlẹ̀kùn.

Qudrah wá pe bàbá ẹ̀. Òjò ń pariwo lórí páànù, nẹ́tíwọ̀kì ń gé.

"Bàbá, èèpo mi ò gbẹ o! Èmi nìkan ni, agbára mi ò ká a!"

"Hẹ̀n?"

Fóònù kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni, lẹ́tà ńlá-ńlá ló máa ń lò: MO GBO. E SE AARO. GBOGBO YIN. MO NBO LOLA.

Qudrah kà á, ó fọwọ́ gbá orí. Ààrò! Ṣebí bí wọ́n ṣe ń yan gàárì nìyẹn! Kí ló ń fi oòrùn ṣe? Wọ́n á dáná, wọ́n á gbé agbada lé e, wọ́n á yan èèpo títí á fi gbẹ. Àmọ́ Bàbá ní "gbogbo yín". Ààrò tó máa gba ogún àpò, òun nìkan ò lè tò ó. Èéfín á sì rú, kò síbi tó máa gbé e pamọ́ sí. Ó dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn méje. Tó bá sọ, ayé á mọ̀. Tí kò bá sọ, Sátidé á dé, á padà lọ bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́ tíṣà.

Ó kan ilẹ̀kùn Morádéyọ̀.

"Jọ̀ọ́, wá wo nǹkan."

Ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó ká tapólì. Morádéyọ̀ wo èèpo, ó wo Qudrah, ẹ̀rín pa á.

"Èèpo! Èèpo lo ń fi pamọ́ fún wa láti oṣù mẹ́fà? Èmi rò pé wúrà ni!"

Ojú ti Qudrah, àmọ́ òun náà bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, Nọ́fíù ti yọrí lójú fèrèsé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Ààrò ṣòro ni?" Ó wá gé dọ́rọ́ọ̀mù méjì sí méjì-méjì, ó di agbada mẹ́rin. Àwọn yòókù ru bulọ́ọ̀kù wá. Mobọ́lájí gan-an ká ṣòkòtò, ó ń la igi. Igi ò fẹ́ jó nítorí ọ̀rinrin. Morádéyọ̀ wò yíká, ó mí kanlẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀, ó sì gbé àṣírí tiẹ̀ jáde: fáànù kékeré kan tó ń lo bátìrì, tó fẹ́ atẹ́gùn bí ẹni ń bínú. Iná ràn gbòlà!

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Yésúfù dé. Ó bá èèyàn mẹ́sàn-án lábẹ́ páànù, ojú wọn dúdú fún èéfín, wọ́n ń ro èèpo nínú agbada, wọ́n ń pariwo lé ara wọn lórí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Ààrò tí ẹ ní ká ṣe ni, Bàbá," ni Qudrah dáhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀ fi jábọ́. "Ààrò kẹ̀? Àáró ni mo wí! Àáró! Ṣé fóònù mọ àmì ohùn ni?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Bàbá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù. "Nígbà èwe wa, àwa mẹ́wàá a máa jọ ro oko tèmi lónìí. Lọ́la, gbogbo wa á wà lóko tìrẹ. Lọ́túnla, ó di ti ẹlòmíì, títí á fi kárí. Òun là ń pè ní àáró." Ó wo ojú wọn tó dúdú. "Ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀, òun náà lẹ sì ń ṣe yìí."

Mobọ́lájí ju àáké sílẹ̀. "Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi ṣàlàyé ilé yìí fún wọn!"

"Ó ku ẹ̀yìn ẹ̀ o," ni Bàbá wí. "Qudrah, oko ẹni mẹ́jọ ń dúró dè ọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ogún àpò ti dúró. Àmọ́ ọ̀nà oko ewúrẹ́ ti di ẹrẹ̀, onímọ́tò ní òun ò wọbẹ̀. Nọ́fíù wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àṣírí tiẹ̀ náà ló gbé jáde: ọmọlanke onítáyà mẹ́ta tí ẹrẹ̀ kì í mú. Wọ́n kó àpò sí i, wọ́n tì í, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Wọ́n dé kí aago méjìlá tó lù.

Ìyáàfin Ìbíwùnmí tú àpò kan, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó fún un mọ́wọ́. Ó gbóòórùn ẹ̀.

"Ó gbẹ," ni Ìyáàfin wí. "Ogún míì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Alhamdulillahi!" ni Qudrah kígbe. "Halelúyà!" ni Morádéyọ̀ gbè é. Wọ́n dì mọ́ra nínú ẹrẹ̀, ẹkún ayọ̀ gba ojú wọn.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Ìyáàfin wí. "Ta ló ṣe ọmọlanke yìí? Mo fẹ́ méjì."

Nọ́fíù jókòó sílẹ̀ gbì.

Ọdún kan ti kọjá báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ti di ohun ìgbàgbé nílé yẹn. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń pa tiwọn tì tí wọ́n á jọ lọ síbi òwò ẹnì kan, àwọn èèyàn sì ń wá láti Ifọ̀, Àgbàdo àti Magboro. Wọ́n kọ ILÉ ÀÁRÓ gàdàgbà sára ògiri. Bàbá Yésúfù fúnra ẹ̀ ló dúró ti ẹni tó ń kọ ọ́, tó ń pariwo pé, "Fi àmì sí i o!"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sọ̀fíyátù wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa Qudrah sí kọ̀rọ̀, ó wá ń sọ èrò ẹ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́.

Qudrah rẹ́rìn-ín, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á jáde sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, àǹtí mi," ni ó wí. "Àwọn tó máa bá yín ṣe é ò tíì gbọ́."