Ìyá Tí Inú Ń Run Nínú Kọ̀ǹpútà

Ṣadé, o rí àlá tí mo lá yìí, ara ń fu mí sí i. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níléèwé ìṣègùn wa. Ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀, inú ń run ún, iṣẹ́ tí wọ́n fún wa sì ni pé kí n fi ìbéèrè wá àìsàn rẹ̀ rí. Àwọn tó ṣáájú wa sì ti fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí fóònù mi, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kíá. Ìyá na ọwọ́ jáde, gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà ò fọ́, ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀. Ó gbóná janjan.

Ó ní, "Dókítà, o ò kí mi, o ò bi mí ní nǹkan kan. Ta ló sọ àìsàn mi fún ọ?"

Mo fi ọwọ́ kejì ti fóònù bọ àpò.

"Gbé fóònù rẹ wá."

Ibi tí mo ti ń wá irọ́ tí màá pa ni mo ti jí.