Bẹ́ńṣì Iwájú Fèrèsé Torleif

"Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé e sí," ni Gudveig wí, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ gún koríko lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ará àdúgbò Granlia tó tẹ̀ lé e dúró, ọwọ́ wọn wà nínú àpò ẹ̀wù òtútù. Kánsù ló rán Maren wá láti bá wọn rìn káàkiri, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ́ńṣì. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Fèrèsé ilé ìdáná Torleif ló kọjú sí wọn.

"Gudveig, ṣé ẹ ò rí i pé ó sún mọ́ ilé onílé jù?"

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ kánsù ni. Ọgbà onígi tí Torleif kàn ló gbà á mọ́ ilé rẹ̀."

Torleif wà lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ó pẹ́ tí ọgbà mi ti wà níbẹ̀," ó wí. "Kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu."

"Ẹni tí ì bá yọ ọ́ lẹ́nu ti kú," Gudveig dá a lóhùn.

Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń sọ. Nígbà tí àìsàn ọkàn mú Asbjørn, ọkọ Gudveig, dókítà ní kó máa rìn lójoojúmọ́. Ọ̀nà àbùjá tó gba ẹ̀yìn ilé Torleif lọ sí adágún odò nìkan ló tẹ́jú tó fún un. Torleif kan ọgbà onígi dí i, ó ní ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń ba koríko òun jẹ́. Asbjørn lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ni Torleif ti dá a lóhùn pé, "Ọ̀nà pọ̀ ní Granlia. Wá òmíràn rìn." Òmíràn tó wà ni títì ńlá, pẹ̀lú yìnyín àti àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú. Asbjørn padà sílé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò sì rí ìgbà ìrúwé. Bóyá ọkàn náà ì bá pa á bó ti wù kó rí. Gudveig kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí Maren ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, ọwọ́ Torleif nìkan ni kò gbéra. Gudveig ti yí ilé gbogbo ká bá wọn sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ní oṣù karùn-ún, ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Láàrin wa níhìn-ín, èèyàn lè ṣaláì lọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ayé, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá fún ọ̀wẹ̀ àdúgbò, kó tètè máa wá ilé mìíràn. Torleif wá. Gudveig ló sì ń pín iṣẹ́.

"Sissel, ìwọ lo máa yan wáfù tí a máa jẹ. Helge, ru yanrìn. Torleif, ìwọ lo kan ọgbà yìí, ìwọ lo mọ ibi tí ìṣó rẹ̀ wà. Tú u. Tó o bá parí, gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì."

"Ìbàdí ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́. Rọra máa ṣe é, a ò kánjú."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì. Torleif wo ojú wọn yí ká, ó sì mú irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó. Gudveig jókòó tì í, ó ń jẹ wáfù àti wàràkàṣì aláwọ̀ ilẹ̀. Wáfù kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé bẹ́ńṣì dé, Torleif rí orúkọ Asbjørn tí wọ́n gbẹ́ sára ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó kọjú sí odò," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ló máa kọjú sí," ni Gudveig wí.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan ò lè mọ́ kí Torleif má ka orúkọ náà láti fèrèsé.

Nígbà ìwọ́wé, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, dókítà sì ní kó máa rìn lójoojúmọ́. Ó fi ọ̀pá méjì tiro jáde, ó ń mí hẹlẹ, ó dúró níwájú Gudveig tó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ọ̀nà pọ̀ ní Granlia. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n Gudveig. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ de irú ọjọ́ yìí. Ó wo ọ̀pá méjì tí Torleif gbára lé.

"Jókòó," ó wí. "Kì í ṣe àárín. Ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Sún síwájú."

Torleif sún dé ìpẹ̀kun. Gudveig ṣí fúláàsì, ó da kọfí sínú ife méjì, ó gbé ọ̀kan sí àárín wọn. Torleif nawọ́ sí i.

"Ti Asbjørn ni."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n jọ ń wo ife náà títí ooru rẹ̀ fi tán.

"Láti ọ̀la lọ," ni Gudveig wí, "ìwọ ni wàá máa gbé kọfí rẹ̀ wá."

Torleif béèrè pé, "Ṣé ó máa ń fi ṣúgà sí i?"

"Rárá," ó dáhùn. "Wàrà díẹ̀."