Asẹ́ Ni Mo Wí, Àṣẹ Ni Wọ́n Gbọ́

Ẹ sún mọ́ mi kí n tó gbàgbé. Àlá kan gbé mi lánàá, nínú oorun ọ̀sán, kò sì tíì sọ̀ mí kalẹ̀ tán.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Olágòkè ọmọ mi ni mo wà ní Kánádà níbí, mo wá wẹ ọmọ tuntun. Èmi nìkan kọ́ ni mo wá. Ìyá Ìbídùn, ìyá ìyàwó rẹ̀, náà ti Ṣàgámù wá. Ìyá ọkọ kan, ìyá ìyàwó kan, ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo: ẹ fúnra yín ẹ rò ó wò. Kí n tó gbé omi ìwẹ̀ ọmọ, ó ti da tirẹ̀ sínú bàsíà. Gòkè ń pe èmi ní Màámi, ó ń pe òun ní Mọ́mì. Èmi ò kàwé, ṣùgbọ́n etí mi ò di. Mọ́mì yẹn ń dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Màámi lọ.

Ẹ̀rọ kan wà ní yàrá abẹ́ ilé wọn. Òun ló ń fẹ́ ooru sí gbogbo yàrá bí òtútù bá dé, òun náà ló ń fẹ́ ìtutù bí oòrùn bá mú. Ìrètí, ọmọ ọwọ́ wa, wá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Gòkè sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ ẹ̀rọ wò, ó ní asẹ́ tó ń gba eruku inú afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, àfi kí òun ra òmíràn. Ìyá Ìbídùn ti fò sí i: "Èyí tó nípọn jù lọ ni kó o rà o, kí eruku kankan má kọjá." Ọmọ mi dáhùn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Asẹ́ o! Èmi Àmọ̀kẹ́ ológì, tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn odi Ìṣẹ́yìn wá bá nítorí ògì tó jọ̀lọ̀! Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ṣàgámù ni ọmọ tí mo fi ògì tọ́ mú lọ yan asẹ́! Mo jókòó sórí àga, mo dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni oorun ti wá mú mi.

Ni ẹ̀rọ abẹ́ ilé bá gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Ó ró ìró, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Ológì."

Mo ní, "Òo. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Imú dí mi, ìyá. Wọ́n sì ti lọ ra asẹ́ tó nípọn bọ̀. Bí wọ́n bá fi í dí mi nímú, mo kú nìyẹn."

"Àwọn tó lọ rà á ni kó o lọ bá. Wọn ò mú mi dání."

Ó ní, "Ìdí tí mo fi wá bá yín gan-an nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ó ní kí n gun ẹ̀yìn òun. Mo gun ún, mo di ìró rẹ̀ mú, ó fẹ́ fùùù, a gba ojú fèrèsé jáde. Bí wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ́fíìsì Afẹ́fẹ́ ni a lọ. Òkè ló ń léfòó sí. Okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi kó má baà lọ. Ìrọ̀rí àti sálúbàtà ló tò sẹ́nu ọ̀nà. Sálúbàtà kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ tò sẹ́yìn wa, màmá, àwa náà ní iṣẹ́ nílé." Mo tò sẹ́yìn wọn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì wọ kóòtù, ó so táì. Bó bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ á gùn díẹ̀ sí i.

"Màmá, kí lẹ bá wá?"

"Asẹ́ ni."

"Àṣẹ?"

"Asẹ́."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Àṣẹ."

Nílé wa, ọmọ tó ń rákòrò mọ̀ pé ọ̀kan lára méjèèjì ní ihò, èkejì ò ní. Ṣùgbọ́n n ò bá a wí. Afẹ́fẹ́ ló kọ́ ọ ní Yorùbá, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ohùn délé láìfọ́. Ó gbé òǹtẹ̀ kan tó tutù bí omi dídì, ó lù ú mọ́ mi níwájú orí. Ó ní, "Àṣẹ ti dọwọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí afẹ́fẹ́ ṣe ni yóò ṣe."

Ó yẹ kí n dá a padà. N ò dá a padà.

Kí n tó yíjú, ọ́fíìsì ti di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Gòkè, àfi tábìlì ọ̀gá tó ṣì wà láàárín, tí òun náà sì jókòó tì í. Ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Ìbídùn ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ gèlè orí rẹ̀ lẹ́lẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́lé. Mo ní, "Ìwọ afẹ́fẹ́, má wọ yàrá yìí mọ́. Yàrá ìyá ọkọ ni kó o gbà lọ."

Afẹ́fẹ́ ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó sì ṣẹ́rí padà.

Ó fẹ́ sí mi lára títí bùbá mi fi wú bí àdògán. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Kò pẹ́, Ìyá Ìbídùn yọ orí. "Ìyá Gòkè, ta ló sé afẹ́fẹ́ mọ́ mi?"

Mo ní, "Ẹ bi asẹ́ léèrè. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n yàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣeré. Ìrètí wà lọ́wọ́ mi."

Lóòótọ́ ni. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ẹnu, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ò jáde, torí pé orí afẹ́fẹ́ ni ẹkún máa ń gùn kó tó dé etí ènìyàn. Mo pariwo, "Afẹ́fẹ́, padà wọlé!"

Ó ní, "Àṣẹ kì í padà, ìyá. Asẹ́ nìkan ló lè sẹ́ ẹ."

Mo sáré dé ìdí tábìlì. Irùngbọ̀n ọ̀gá ti kan ilẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gba àṣẹ yín." Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ òǹtẹ̀ rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Táì ọrùn rẹ̀ ò tilẹ̀ wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí pé ìwo ló fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún mi lẹ́sẹ̀ kan náà.

Àwọn asẹ́ tò sínú rẹ̀. Ọ̀kan sanra bí tìmùtìmù, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Èmi ni kẹ́ ẹ mú. Eruku ò gbọdọ̀ kọjá lára mi. Èéfín ò gbọdọ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ gan-an ò gbọdọ̀ kọjá."

"Afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá? Kí lo wá ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́?"

Ó bínú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Èkejì là bí àwọ̀n apẹja. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Àlejò mi ni gbogbo ayé. Eruku, ẹ káàbọ̀. Irun, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Mo ní, "Ìwọ ọlọ́yàyà yìí, n ò ní fi ọmọ mi tì ọ́."

Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń ṣe sí aṣọ ògì. Asẹ́ tó bá há jù, ògì àti èèrí á jọ jókòó sókè, wọ́n á máa wò ọ́. Èyí tó bá là jù, wọ́n á jọ bọ́ sísàlẹ̀, ọmọ á máa tu èèrí lẹ́nu. Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó ní, "Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ wo ọfà tó wà lára mi: ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ló kọjú sí. Ẹ má gbé mi sódì o. Kẹ́ ẹ sì rí i pé mo kún ẹnu ọ̀nà dáadáa. Bí àlàfo bá wà létí mi, lásán ni mo wà níbẹ̀."

Mo nà án sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Apá kan kún, apá kejì ń jù fìrì. Mo pe òbúkọ kó bá mi di ibẹ̀ mú, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kò wá ku ẹnì kankan mọ́ àfi ẹnì kan.

"Àna mi, ẹ bá mi di etí kejì mú."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n bi asẹ́ léèrè?"

"Mo ti wí i, mo wí i. Ẹ ẹ́ dì í mú àbí ẹ ò ní dì í mú?"

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ẹ gbé e pọ̀n mí."

"Ẹ̀yìn yín kẹ̀? Ẹ̀yìn tèmi ló mọ̀."

Níbẹ̀ náà la tún ti ń jà! Òbúkọ ló wo ojú èmi, ó wo ojú òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wa. A gbé Ìrètí gun ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀. Ìyá Ìbídùn di etí kejì mú, mo di tèmi, a fà á le. Ni afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ yàrá, ó funfun, ó jọ̀lọ̀ bí omi ògì, ọmọ náà sì han gooro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ yìí, n ò gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wo èèrí tó ṣẹ́kù lójú asẹ́. Eruku wà níbẹ̀, irun wà níbẹ̀, páúdà ọrùn Ìyá Ìbídùn wà níbẹ̀. Láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ náà jókòó sí, Mọ́mì, ó ń dán, ó rí róbótó bí ẹ̀kọ tútù. Mo mú un, mo sì so ó mọ́ etí ìró mi.

"Ìyá Gòkè, kí lẹ mú yẹn?"

"Èèrí ni."

Òbúkọ ní, "Irọ́ ni."

Mo fẹ́ bú u, mo bá la ojú.

Ìyá Ìbídùn ló dúró lé mi lórí. Ó ń kó aṣọ ọmọ tó gbẹ, aṣọ ìbora kan sì gùn ún lọ́wọ́, etí rẹ̀ wà lórí orúnkún mi.

"Ẹ ti jí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ibẹ̀ yẹn mú ká ká a. Kò ṣe é dá ká."

Mo dì í mú. Mo ní, "Ẹ rí asẹ́ tó nípọn yẹn rà?"

"Mo ti gbé e, Gòkè gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà. Ó ní kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ mí. Ó mú èyí tó wà láàárín, ó gbé e sójú iná, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Bá a ṣe ń lọ, ẹ̀yin. Bá a ṣe ń bọ̀, ẹ̀yin. Etí mi kún." Ó fa aṣọ náà le díẹ̀. "Èmi ò bí ọkùnrin. N ò ní ẹni tó máa ròyìn mi lọ́jà bẹ́ẹ̀."

A ká aṣọ náà sí méjì, a sún mọ́ra. A ká a sí mẹ́rin, ọwọ́ wa kanra. Ó na ọwọ́ láti gbà á. Mo fi sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n n ò tètè fi sílẹ̀.