Sọ̀féyọ̀ Tí Ìdílé Kò Yàn

Inú ń bí Moríyọ̀, ó sì ti tó oṣù kan tí inú yẹn ti ń bí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé oníjàgídíjàgan obìnrin ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti Usamah ọkọ rẹ̀ ti ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn nínú ilé Bàbá Fágbénró ní Olódì-Àpápá. Ibẹ̀ ló bí Ganiyat sí, ibẹ̀ ló ti ń jí lọ sí Warehouse Road, níbi tó ti ń ta tapólì àti okùn fún àwọn awakọ̀ tírélà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni Bàbá pè wọ́n, ó ní òun fẹ́ ta ilé, ó ní àwọn ni òun kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí wọn ò bá rà á, ẹni tó bá rà á yóò ní kí wọ́n jáde. Ọ̀rọ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹ rà á, àbí ẹ kó lọ.

Wọ́n lágbára díẹ̀. Àjọ tí Moríyọ̀ ń dá, ilẹ̀ tí Usamah jogún ní Ìwó tí wọ́n tà, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Moríyọ̀ ní òun kò ní fò dá: sọ̀féyọ̀ gbọ́dọ̀ wọn ilẹ̀ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ra ilé ní Ìjọra láìwọn ilẹ̀, títí di òní kóòtù ló ń lọ. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe ń sọ ọkùnrin di arúgbó ọ̀sán gangan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sọ̀féyọ̀ yìí, háà! Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń súni, kó wá sọ̀féyọ̀ l'Ékòó.

Bàbá Fágbénró ní ìdílé àwọn ní sọ̀féyọ̀ tiwọn, Injiníà Àjàmú, òun ló ń wọn gbogbo ohun tí ìdílé bá tà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, Injiníà yìí ló máa sanwó sọ̀fé fún. Àṣà ni, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Injiníà wá lóòótọ́. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò pa ẹ́ńjìnì, ó kàn na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé ilé aláwọ̀ búlúù yẹn ni? Mo mọ̀ ọ́n." Ó wakọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé sọ̀fé dé, òǹtẹ̀ pupa gbàǹgbà lára rẹ̀.

"Bàbá Ganiyat," ni Moríyọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀, "ọkùnrin yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Kí ló fi wọ̀n ọ́n?"

"Ó ti mọ ilẹ̀ náà tipẹ́."

"Èmi náà ti mọ̀ yín tipẹ́. Ṣé mo mọ bẹ́ ẹ ṣe ga tó ni?"

Usamah rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò fẹ́ wàhálà ni, bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, Usamah fúnra rẹ̀ ló máa tọrọ gáfárà. Ó ní kí Moríyọ̀ fi Bàbá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹni tó bá mú sọ̀féyọ̀ ìta wọ ilé àgbà, ó ti pe àgbà náà lólè lójú gbogbo àdúgbò. Moríyọ̀ ní bí àdúgbò bá fẹ́, kí wọ́n wá bá òun sanwó ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wá sọ̀féyọ̀. Usamah mú ọ̀kan wá láti mọ́ṣáláṣí, onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Hussein. Moríyọ̀ ní kó fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ han òun, ó ní ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá òun. Ọ̀gá yín dà? Ọ̀gá ti kú. Èkejì gbowó ọkọ̀, kò gbé fóònù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀kẹta ní òun kò lè wọn ilẹ̀ Fágbénró, pé òun àti Injiníà Àjàmú jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, kò ní bójú mu kí òun já a nírọ́. Ẹ gbọ́ o! Kò tiẹ̀ sọ pé irọ́ kò sí níbẹ̀.

Oníbàárà rẹ̀ kan ló wá júwe sọ̀féyọ̀ kan tó ń jẹ́ Ese fún un. Ọmọ Warri ni, Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí, ó ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Kí Moríyọ̀ tó la ẹnu, Ese ti gbé ìwé-àṣẹ ka iwájú rẹ̀.

"Mummy, I no dey measure land from inside motor," ni Ese wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Injiníà. "Mo máa tẹ ilẹ̀ yẹn, mo máa wọ̀n ọ́n, mo sì máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú máàpù ìjọba. Ohun tí mo bá rí ni mo máa kọ. If e no good, make you no vex for me o."

Ojú ẹsẹ̀ ni Moríyọ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ku kí wọ́n wọlé. Géètì ẹ̀yìn, níbi tí ilé ti kọ ẹ̀yìn sí kánáàlì, Bàbá ti fi àgádágodo sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ese wá, Bàbá ní ọjọ́ Jímọ̀ ni, òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Jímọ̀. Ìgbà kejì, ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ òun ní Badagry. Ìgbà kẹta, Moríyọ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ayálégbé yòókù sì dúró, wọ́n ń wòran.

"Moríyọ̀, ṣé olè ni mí ni?"

"Ká má rí i, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi."

"Ọdún mélòó lo ti ń gbé nínú ilé mi?"

"Mọ́kàndínlógún, sà."

"Ṣé ilé ọ̀hún ti sá kúrò níbi tó wà rí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Usamah pàápàá rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dun Moríyọ̀ jù. "Bàbá," ló wí, "bí kò bá tíì sá, wíwọ̀n kò ní pa á lára." Bàbá fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò ẹ̀wù tó wọ̀ sọ́rùn, ó sì jù ú sórí bẹ́ǹṣì.

Ese wọn ilẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Lọ́hùn-ún iwájú, ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì, ó pa àwàdà tì, ó tún ibẹ̀ wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ kẹfà ló ní kí Moríyọ̀ wá sí ọ́fíìsì.

"Ilé yẹn ti wọnú àyè kánáàlì," ló sọ. "Yàrá méjì ẹ̀yìn, kíṣìnnì, bálùwẹ̀, gbogbo wọn wà lórí ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ fún omi. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹ kánáàlì yẹn, wọ́n máa wó wọn. Nobody go pay you one kobo. Ìwé tí Injiníà yẹn fún yín, ilẹ̀ tó wà lódìkejì títì ló wà níbẹ̀. Ó kàn yí orúkọ padà ni."

Yàrá méjì ẹ̀yìn! Yàrá Moríyọ̀ nìyẹn. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo ìwé náà, inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí nínú gbogbo wọn.

Ibí wàyí ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi bà á jẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Moríyọ̀. Ó rò ó pé kò yẹ kí àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀ níta, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ tààrà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un, ìyẹn ìwé kan ṣoṣo tí Ese lù lóǹtẹ̀. Bàbá fi gíláàsì sójú, ó kà á, ó sì ká a mẹ́rin. "Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi," ló wí, "kí n fi han àwọn ẹbí." Ẹ sọ fún mi, ta ló máa sọ fún ẹni ọgọ́rin ọdún pé rárá, ẹ dá a padà? Ẹ má sì bi mí léèrè ìdí tí kò fi yà á sí fóònù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í rántí fóònù.

Ó padà lọ béèrè ìwé. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ àkọ́bí Bàbá. Ó tún lọ, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Nígbà kẹta, Bàbá gbójú sókè wò ó, ó ní, "Ìwé wo?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tinú, nọ́ọ̀sì, dé pẹ̀lú ìwé Injiníà Àjàmú lábíyá. Ó ń fi téèpù wọn ojú fèrèsé nítorí kọ́tìnnì. Òun ni Bàbá fẹ́ ta ilé fún báyìí, ọ̀sán ọjọ́ náà ló sì fẹ́ sanwó. Moríyọ̀ fà á wọ yàrá, ó sì sọ ohun tí Ese rí fún un láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ dà, mà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Bàbá."

"Bàbá tó ń ta ilé?"

"Òun náà."

Tinú rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tó bá ń bá aláìsàn tó ń sá fún abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, Bàbá ti sọ fún mi. Ẹ fẹ́ rà á, owó yín ò ká a. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi jẹ́."

Moríyọ̀ pe Ese, ó pè é títí. Nígbà tó yá ló gbé e, ìsìnkú ló lọ ní Warri, ariwo ń sọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. "Monday, Mummy! Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dà ìwé yẹn wà nínú rẹ̀ wà ní Lagos!" Nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tán, Tinú ti sanwó. Ó ní kí wọ́n kó jáde ní ìparí oṣù, pé òun fẹ́ tún ilé ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni ẹ̀dà ìwé Ese wọlé sórí fóònù Moríyọ̀, nígbà tí òun àti Usamah ń kó àwo sínú páálí. Tinú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Moríyọ̀ kò bá a ṣàríyànjiyàn mọ́, ó kàn na fóònù sí i. Tinú kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Injiníà, kò gbé e. Ó pe Bàbá Fágbénró, Bàbá gbé e, ó ní ohun tí wọ́n bá ti tà, ó ti tà nìyẹn. Orí àtẹ̀gùn ni Tinú jókòó sí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun. Àánú rẹ̀ ṣe Moríyọ̀, ó fẹ́ jókòó tì í.

"Ta ló tún ti rí ìwé yìí?" ni Tinú bi í.

"Èmi, Bàbá Ganiyat, àti sọ̀féyọ̀."

Tinú nu ojú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ má kó lọ mọ́. Ẹ jókòó sínú yàrá yín, ẹ má san kọ́bọ̀. Mo máa tà á kí ọdún tó parí. Ẹni tó bá wá wò ó, ẹ ṣáà má bá a sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín."

Moríyọ̀ gba fóònù rẹ̀ padà. Ó yíjú, ó rí Usamah tó dúró ti páálí, àwo méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti tàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ti tó láti mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ: kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Ganiyat, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ wá gbé orí bẹ́ẹ̀dì yìí, èmi á gbé ìdí rẹ̀."