Etí Amọ̀

Ìbínú ni mo fi wakọ̀ láti ilé mi ní Mesquite wọ ìgboro Dallas láàárọ̀ Sátidé yẹn. Olúwadámisí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti rí àyè gbà láti kọ́ iṣẹ́ apoògùn, ó wá ń sọ fún mi pé òun ò ṣe mọ́. Ó ní iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ló wu òun, pé òun máa bá àwọn awalẹ̀pìtàn yunifásítì òun lọ wa ojúbọ àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gíríìsì. Èmi tí mo ti ń pè é ní Dókítà Dámisí fún gbogbo ìjọ! Mo ní kò síbi tó ń lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ́kọ́ wá wo nǹkan kan ní yàrá iṣẹ́ wọn ní yunifásítì.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni mò ń pè lábẹ́lẹ̀ kí n tó wọlé, torí mi ò mọ ohun tí wọ́n kó síbẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Mummy.”

“Káàárọ̀. Òrìṣà yín dà?”

“Mummy, please. Ẹ jókòó.”

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí àpótí kékeré kan, ó sì rọra gbé nǹkan jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Etí ni. Etí amọ̀, kò ju etí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ó ní inú ilẹ̀ ojúbọ yẹn ni wọ́n ti hú u jáde, pé wọ́n kàn yá àwọn láti fi ṣèwádìí ni. Láyé ọjọ́un, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á gbé ẹsẹ̀ amọ̀ lọ síbẹ̀, ẹni tí ojú ń dùn á gbé ojú lọ.

“Àwọn tí kò mọ Jésù,” ni mo sọ.

“Mummy, wọn ò tíì bí Jésù nígbà yẹn.”

Etí kékeré yẹn ni mò ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Dámisí nígbà tí àìsàn yírùnyírùn di í létí. Àwọn dókítà ní ó ṣeé ṣe kó má gbọ́ràn mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Gbogbo òru ni mò ń gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn etí ọmọ yìí, tí mò ń sunkún bẹ Ọlọ́run. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi nínú kíṣìnì, tí ọmọ mi yíjú wò mí. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo jó dé iwájú pẹpẹ títí gìgísẹ̀ bàtà mi fi kán, mi ò dúró.

Dámisí yí etí amọ̀ náà padà, ó fa gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi sórí ẹ̀yìn rẹ̀. “Look, Mummy. Ẹ wo ibí yìí.”

Ojú àtàǹpàkò ni. Ìlà ọwọ́ èèyàn, ó hàn kedere bíi pé àná ni amọ̀ náà gbẹ. Ẹnì kan ti tẹ ìka mọ́ ẹ̀yìn etí yẹn, níbi tí èmi náà máa ń gbé ọwọ́ lé gan-an. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Èèyàn ti kú tipẹ́tipẹ́, egungun rẹ̀ ti di erùpẹ̀, ibi tó fọwọ́ tẹ̀ ṣì wà níwájú mi.

“Ṣé ìyá ọmọ ló tẹ̀ ẹ́?”

“We don't know. Ó lè jẹ́ ẹni tó fi amọ̀ mọ ọ́n.”

“Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó padà gbọ́ràn?”

“A ò mọ̀, Mummy. Àwọn kan ń gbé e wá láti fi bẹ̀bẹ̀, àwọn kan ń gbé e wá láti fi dúpẹ́. Wọ́n máa ń kọ ìdí tí wọ́n fi gbé e wá sára òkúta nígbà míì, but we haven't found the stone. Wọn ò tíì wa apá ibẹ̀ tán.”

Mo tún wo ojú àtàǹpàkò yẹn. Mi ò mọ ibi tí ìbínú tí mo gbé wá láti ilé gbà lọ.

“Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ?”

“June.”

“Máa bá wọn lọ,” mo ní. “Bá mi wá òkúta yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ìyá yẹn náà yíjú wò ó.”