Ìró Ẹ̀yìn Kókósẹ̀

Láàárọ̀ ni dókítà ti sọ ọ́: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó mi mọ́, wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti dúdú.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọlé, ọ̀pá tó rí bíi bírò so mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ọ̀pá náà ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọnú ẹran ara. Bí ìró náà bá pàdé ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré, ohùn rẹ̀ yóò yàtọ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń jẹ́ ká gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan kò ní dún.

"Bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin ni, bàbá. Tó bá ń bọ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Tó bá ti kọjá, á wálẹ̀."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀yìn ilé wa ni mo ń gbà kọjá. Ó máa ń ní bí ohùn fèrè bá ti wálẹ̀ báyìí, òun ti mọ̀ pé mo ti kọjá nìyẹn, òun á sì gbé omi kaná. Mo máa ń ní irọ́ ni. Èmi tí mo jókòó nínú ọkọ̀, ohùn kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́. Onífèrè ló ń pè mí títí dòní.

Nọ́ọ̀sì fi ọ̀pá lé orí ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó sún un díẹ̀. Ó dún ṣùà. Mo dìde.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

Ó ní bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ bá mì, ó máa ń dún bẹ́ẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ tún dákẹ́. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago.

Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn kókósẹ̀. Kò mí. Èmi náà ò mí.

Ṣùà. Ó dákẹ́. Ṣùà.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Kò mì.

Ìyàwó mi ti dijú. "Onífèrè, ṣé ó ń bọ̀ ni àbí ó ti kọjá?"

"Ó ń bọ̀."

Dókítà wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ di ọ̀la, wọn yóò tún fetí sí i.

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ó lè fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ó ní rárá, ẹlòmíì ń dúró dè é.